Wáìnì Pupa Olówó Pọ́ọ́kú Nínú Ooru Èkó

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Sùúrùlérè nìyí. Àwọn tí kò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ooru. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alága wa tó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí wáìnì pupa, pàápàá irú èyí tí èèyàn lè rí rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì láì jẹ gbèsè. Abala ọtí ni mò ń mójú tó ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan níhìn-ín ní Mainland, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí bí owó àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣòfò níwájú pẹpẹ yẹn. Ó máa ń dùn mí, torí ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kò pọ̀, kò sì le.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé mi ò wá polówó ọtí. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà fún, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí kì í mu, kó má tìtorí mi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, kò sí ife tirẹ̀ lórí tábìlì yìí. Àwọn tó ti ń rà á tẹ́lẹ̀ ni mo wá bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì pọ̀. Wáìnì wà lára ẹrù tí wọ́n ń tò kalẹ̀ níbi ìdáná, ó wà nínú hámpà Kérésì, ó wà lórí tábìlì ní òde àríyá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, owó ọjà òkèèrè ti fò sókè, wáìnì kò sì gbẹ́yìn. Ìgò tí olùkọ́ lè rà nírọ̀lẹ́ Fúráídé láì ronú, ó ti di ohun tí wọ́n ń gbé wò, tí wọ́n ń gbé padà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ní Èkó tiwa yìí, bí wọ́n ṣe tọ́jú ìgò wáìnì ló ṣe pàtàkì jù. Ó ju orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ, ó sì ju iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ooru ló ń jẹ owó wa.

Wáìnì kì í ṣe irú ọtí tó máa ń dúró sójú kan bíi gíìnì. Agbára ọtí inú gíìnì sábà máa ń tó 40%, ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Wáìnì pupa kì í sábà ju 12% sí 15% lọ. Òórùn èso wà nínú rẹ̀, kíkan wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń yí padà bí ibi tó wà bá ṣe gbóná sí. Ibi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń tọ́jú rẹ̀ sí kì í ju nǹkan bíi 13 °C lọ. Ẹ wá wo Èkó. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ọ̀sán wa máa ń tó 32 °C tàbí 33 °C, inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìgò kan láti Cape Town. Wọ́n kó o sínú kọntéńà, ó la òkun kọjá, ó dé èbúté Àpápá tàbí Tin Can. Kọntéńà lè jókòó síbẹ̀ títí ìwé rẹ̀ yóò fi parí lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Irin ni kọntéńà, oòrùn sì ń pa á. Ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó bá sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ pàdé. Ó dé ilé ìkẹ́rùsí tí kò ní ju fèrèsé méjì lọ. Ìgbà tó bá fi máa dé iwájú yín, ooru ti bá a jà dáadáa, àwọn kan borí, àwọn kan kò borí. Iṣẹ́ tiyín ni láti mọ èyí tó borí kí ẹ tó sanwó.

Tí ooru bá mú wáìnì, omi inú rẹ̀ á wú, á ti kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò sókè. Bó bá tún tutù, á sún kì, atẹ́gùn á sì gba etí kọ́ọ̀kì wọlé. Èso inú rẹ̀ á kú. Yóò wá máa rùn bí ohun tí wọ́n sè jù, kíkan rẹ̀ á mú bíi ti fínígà, ẹni tó bá rà á á ní òun ò tiẹ̀ fẹ́ràn wáìnì pupa. Àìmọye èèyàn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Wọn ò tíì mu wáìnì pupa rí, èyí tó ti kú ni wọ́n ń mu.

Nítorí náà, ẹ mú ìgò náà lọ́wọ́. Ẹ gbé e dúró, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀ sí iná. Àlàfo tó wà láàárín omi àti ìdí kọ́ọ̀kì kò yẹ kó ju ìbú ìka kan sí méjì lọ. Bó bá ti wálẹ̀ dé èjìká ìgò, ẹ dá a padà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ láti òkè: ó yẹ kó tẹ́ tàbí kó jìn wọlé díẹ̀. Bó bá yọ gọngọ sókè, ooru ti tì í. Ẹ fi ọwọ́ pa abẹ́ ike tàbí bébà tí wọ́n fi wé ọrùn rẹ̀. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, wáìnì ti jáde rí, atẹ́gùn sì ti wọlé rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ ìwé ara ìgò náà bákan náà. Bí ìhà kan bá ṣá ju ìhà kejì lọ, iwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ló dúró sí fún oṣù mélòó kan, tí oòrùn ọ̀sán ń pa á.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń pa ẹ̀rọ amúlétutù tí a bá ti ti ilẹ̀kùn lálẹ́, torí dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ooru máa ń gòkè ni. Torí náà pẹpẹ òkè pátápátá, tó sún mọ́ gílóòbù, ibẹ̀ ló burú jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń to àwọn ìgò olówó ńlá sí kí ọwọ́ ọmọdé má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò, èyí tó jìnnà sí gíláàsì iwájú, tí kò sì kọjú sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù. Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, ẹ mú èyí tó wà ní ìlà kẹta. Ṣọ́ọ̀bù tí èrò pọ̀ sí ló dára jù, torí ọjà rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí eruku bá ti bo èjìká ìgò, ẹ bi ẹni tó ń tà á ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìbéèrè yẹn, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá yín lóhùn.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan gbà pé bí wáìnì bá ṣe gbó tó ló ṣe dára tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìyẹn bá mu, àwọn tí wọ́n ṣe fún ìpamọ́, tí wọ́n sì pa mọ́ sí ibi tútù. Èyí tó pọ̀ jù lórí pẹpẹ wa ni wọ́n ṣe kí wọ́n lè mu ún láàárín ọdún díẹ̀. Wáìnì olówó pọ́ọ́kú tó ti lo ọdún méje ní Èkó, mi ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìdérí wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìdérí onírin tí wọ́n ń fi ọwọ́ lọ́ jẹ́ àmì wáìnì yẹpẹrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdérí yẹn ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì New Zealand, títí kan àwọn tó wọ́n. Fún ojú ọjọ́ wa, ìdérí onírin ni mo máa ń mú láàárín ìgò méjì tí iye wọn bá dọ́gba. Kò sí kọ́ọ̀kì tí yóò gbẹ tí ìgò bá wà lóòró. Kẹ́míkà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní TCA, tó máa ń bá kọ́ọ̀kì wọlé, tó sì ń jẹ́ kí wáìnì máa rùn bíi páálí tí òjò pa. Ìdérí onírin kì í fi bẹ́ẹ̀ fà á.

Ẹ dúró ná, ká tọ́ nǹkan wò. Ìgò méjì tí mo wé sínú ìwé ìròyìn ló wà lórí tábìlì yìí, mo kọ A sára ọ̀kan, mo kọ B sára èkejì. Ẹ bu díẹ̀ díẹ̀, ẹ mu A lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi omi ṣan ẹnu, kí ẹ wá mu B.

Ó dáa. Ẹ ti gbọ́ ohun tí Bàbá wa tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì sọ: ìgò A ń ta wọ́n ní imú bí ògógóró, ó sì ń jó wọn lọ́fun, àmọ́ B tutù, èso wà nínú rẹ̀, èyí tó wọ́n nìyẹn. Ìyá wa tó jókòó sítòsí fèrèsé ní àwọn kò ní lè mu A ju ife kékeré kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n tú ìwé ìròyìn kúrò. Wáìnì kan náà ni. Pinotage ni, irú àjàrà kan láti Gúúsù Áfíríkà, ọdún kan náà, inú páálí kan náà ni mo ti mú wọn. Mo gbé A sójú fèrèsé láti àárọ̀. B wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín.

Ìgò A kò tíì bàjẹ́ o. Gbígbóná ló gbóná. Tí wáìnì bá gbóná, ọtí inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fò jáde pàdé imú, á bo èso mọ́lẹ̀. Bí mo bá gbé A sínú fíríìjì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, á padà bọ̀ sípò. Bó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ló lò lójú fèrèsé yẹn ni, fíríìjì kò ní lè rà á padà. Wọ́n á sọ fún yín pé wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì, pé bí yàrá bá ṣe rí ni kí ẹ ṣe mu ún. Yàrá àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí, èyí tí kì í sábà ju 18 °C lọ. Ẹni tó bá ń gbé ní Mushin tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó gbé wáìnì pupa rẹ̀ sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó ṣí i. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, èyí ló máa mú kí owó tí ẹ ti ná tẹ́lẹ̀ wúlò fún yín jù, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ìwé ara ìgò. Ibi tí wọ́n kọ agbára ọtí sí ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú èso àjàrà, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Bí ẹ bá rí 13%, ó ṣeé ṣe kí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà yẹn tán. Bí ẹ bá rí 8%, yálà wọ́n dá a dúró kó tó jẹun yó tàbí wọ́n da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Lábẹ́ òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wáìnì tí wọ́n bá kọ dry (èyí tí kò dùn) sí lára, ṣúgà inú lítà rẹ̀ kan kì í ju gíráàmù 4 lọ, ó sì lè dé 9 bí kíkan rẹ̀ bá tó. Èyí tí wọ́n bá kọ sweet (èyí tó dùn) sí kò gbọ́dọ̀ dín ní gíráàmù 45. Ẹ fi ṣírò: inú ìgò 75cl irú èyí, ó kéré tán, bíi ṣíbí ṣúgà kékeré mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn èyí tó dùn, ẹ rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà mọ ohun tó ń mu. Kí ẹ sì wò ó bóyá wáìnì gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìgò kan náà, àwọ̀ kan náà, ẹ lè rí i lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé omi, ṣúgà àti adùn àtọwọ́dá ló pọ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ẹni tó kó o wọlé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá wà tó ń gba owó lọ́wọ́ wa. Reserva jẹ́ ọ̀kan. Ní Rioja ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀: wáìnì pupa tó bá ń jẹ́ Crianza gbọ́dọ̀ lo ọdún 2 kó tó dé ọjà, ọdún 1 nínú rẹ̀ nínú àgbá igi, Reserva gbọ́dọ̀ lo ọdún 3. Ìgò tí wọ́n kọ Crianza sí, tí iye rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀bùn ni. Àmọ́ Reserve tí wọ́n kọ sára ìgò Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí, ẹni tó bá wù ú lè kọ ọ́. Ìgò tó wúwo, tí wọ́n fi àwọ̀ góòlù yí ká, owó ìgò lẹ ń san.

Níbo ni owó kékeré ti ń ra nǹkan gidi? Èrò tèmi ni pé Gúúsù Áfíríkà àti Sípéènì ló ṣáájú lórí pẹpẹ wa. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1659 ni wọ́n kọ́kọ́ fún èso àjàrà ṣe wáìnì ní Cape, wọn kì í ṣe ọmọ àná lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Pinotage tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i: ní ọdún 1925, onímọ̀ àjàrà kan, Abraham Izak Perold, mú irú àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, so pọ̀ ní Stellenbosch. Cinsaut fúnra rẹ̀, tí ẹ bá rí i, ẹ mú un, ó fúyẹ́, ó sì fẹ́ràn fíríìjì. Sípéènì ní ilẹ̀ àjàrà tó pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ láyé, èyí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí tiwọn má fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Irú àjàrà ibẹ̀ ni Garnacha àti Monastrell: ẹ wá Garnacha láti agbègbè Calatayud tàbí Campo de Borja, ẹ wá Monastrell láti Jumilla. Ṣílè ní àjàrà Carménère, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè ní Merlot, irú àjàrà mìíràn, títí di ọdún 1994 tí Jean-Michel Boursiquot, ọmọ Faransé kan tó mọ̀ nípa igi àjàrà, fi hàn wọ́n pé kì í ṣe Merlot. Ajẹntínà ní àjàrà Malbec. Ti Faransé, ẹ fi wáìnì Bordeaux olórúkọ sílẹ̀ fún àwọn olówó. Láti ọdún 1855 ni wọ́n ti pín àwọn kan lára wọn sí ipò, orúkọ náà sì ń jẹ owó títí di òní. Èyí tí wọ́n kọ Côtes du Rhône sí lára ni kí ẹ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ ra páálí fún ayẹyẹ, Òkè-Àrin ní Erékùṣù Èkó ni kí ẹ lọ. Àwọn tó ń tà á ní páálí páálí wà níbẹ̀, ẹ sì lè nájà. Ẹ jí lọ ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ má gba páálí tí wọ́n tò síta síwájú ìsọ̀; ẹ ní kí wọ́n gbé ti inú wá, kí ẹ fi ọwọ́ kan ìgò náà bóyá ó gbóná. Ẹ ra ẹyọ ìgò kan ṣoṣo lọ sílé lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tó padà wá gbé páálí. Ìyá oníṣòwò kankan tó mọyì oníbàárà kò ní bínú sí ìyẹn.

Ẹ óò ti rí i níbi ìgò A àti B pé ẹnu máa ń gba ohun tí ojú bá sọ fún un. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Caltech àti Stanford ní Amẹ́ríkà fún àwọn èèyàn ní wáìnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní dọ́là 10 ni àkọ́kọ́, wọ́n ní dọ́là 90 ni èkejì. Àwọn èèyàn náà sọ pé ti dọ́là 90 ló dùn jù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọpọlọ wọn sì fi hàn pé ibi tó ń mọ adùn nínú ọpọlọ tiẹ̀ ṣiṣẹ́ jù nígbà náà. Wọn ò purọ́, iye tí wọ́n gbọ́ ló yí ohun tí wọ́n tọ́ wò padà. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976 ńkọ́? Steven Spurrier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ta wáìnì, kó wáìnì Faransé àti ti California jọ ní Paris, wọ́n bo orúkọ, àwọn adájọ́ tó jẹ́ ọmọ Faransé tọ́ ọ wò, wáìnì pupa tó gba ipò kìíní sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ wáìnì Stag's Leap láti California. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa fi ìwé ìròyìn wé ìgò. Ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra ìgò kan tí kò ju iye tí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí ẹ wé e, kí ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ kọ èrò yín sílẹ̀ kí ẹ tó tú u. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ óò ti mọ ohun tí ẹ̀yin fẹ́ràn, kò sí ẹni tó máa tún lè fi orúkọ tàn yín.

Títọ́ ọ wò kò nílò àṣà kankan. Ẹ má bu ife kún, ìdá mẹ́ta rẹ̀ tó. Ẹ má lo kọ́ọ̀pù oníke, ó ní òórùn tirẹ̀. Ẹ tẹ ife náà sórí bébà funfun, ẹ wo etí rẹ̀: bí wáìnì ọdún méjì bá ti ń pọ́n bí bíríkì létí, ooru ti dé ibẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ yí i po, ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fipá mú yín dárúkọ èso tí ẹ kò rí rí. Tí imú yín bá sọ pé àgbálùmọ̀, tàbí èéfín igi, tàbí kọfí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ún sẹ́nu, ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká kí ẹ tó gbé e mì. Kíkan ló máa ń jẹ́ kí itọ́ sun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tannin, tó ń wá láti ara èèpo àti kóró èso àjàrà, òun ló ń fún èrìgì pọ̀ bíi kajú tí kò tíì pọ́n dáadáa. Ọtí ló ń gbóná lọ́fun. Nínú wáìnì tó dára, kò sí èyí tó ń jẹ gàba lórí èkejì, bí ẹ bá sì ti gbé e mì, kí ẹ ka ìṣísẹ̀ aago díẹ̀: ti olówó pọ́ọ́kú tó dáa á ṣì wà lẹ́nu yín.

Oúnjẹ wa ata ni, ó sì yẹ ká sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, torí ìwé àwọn òyìnbó kì í sábà dé ibẹ̀. Ọtí máa ń fi kún jíjó ata, tannin náà kì í ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé wáìnì 14.5% tó ní tannin púpọ̀ ti ọbẹ̀ ọ̀fadà tàbí àsun, ẹnu á máa jó, ẹ ò ní gbádùn oúnjẹ, ẹ ò ní gbádùn wáìnì. Èyí tó fúyẹ́, tí kò ju 13% lọ, tí ẹ mú tutù díẹ̀, òun ló bá ata lọ. Cabernet Sauvignon àti Malbec, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ de ẹran màlúù tí ẹ yan, tí ọ̀rá wà lára rẹ̀, torí ẹran àti ọ̀rá máa ń rọ tannin lójú. Shiraz ni mo fẹ́ràn pẹ̀lú súyà, tí yàjì rẹ̀ kò bá pọ̀ jù. Ní ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà fi hàn pé kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ rotundone, tó ń fún ata dúdú ní òórùn rẹ̀, wà nínú Shiraz pẹ̀lú. Ẹja tútù àti wáìnì tí tannin rẹ̀ pọ̀ kì í bára mu, ẹnu á máa ṣe bí irin.

Mo ní láti sọ èyí kí n tó jókòó, torí mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ lẹ́nu àwọn tó wá rajà. Wọ́n á ní ìyàwó àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àwọn fẹ́ wáìnì pupa tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, wáìnì pupa kì í fúnni lẹ́jẹ̀. Èèpo èso àjàrà ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Irin tó wà nínú rẹ̀ kéré, àwọn nǹkan bíi tannin sì máa ń dí irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà lọ́wọ́ láti wọ ara. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ilé ìwòsàn ni kó lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó jẹ ẹ̀dọ̀, kó jẹ ẹ̀fọ́. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí kò léwu fún ìlera. Ẹni tó bá máa mu ún, adùn rẹ̀ ni kó tìtorí rẹ̀ mu ún, kó mu díẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wakọ̀ gba Third Mainland Bridge lọ sílé.

Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Àbúrò wa kan ní kí lèèyàn máa ṣe sí ìgò tí kò mu tán. Dé e padà lójú ẹsẹ̀, gbé e sínú fíríìjì lóòró, bó tilẹ̀ jẹ́ pupa. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ṣì dára. Bí wọ́n bá mú iná lọ, má ṣí fíríìjì náà, òtútù inú rẹ̀ á dáàbò bò ó fún wákàtí mélòó kan. Bó bá ti kan, fi rin ẹran kó o tó sè é.

Ìyá wa kan béèrè nípa wáìnì inú páálí tó ní ẹnu ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá ó ṣeé rà. Ó ṣeé rà, pàápàá fún ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń mu. Àpò ọ̀rá tó wà nínú páálí yẹn máa ń sún kì bí wáìnì bá ṣe ń dín kù, atẹ́gùn kì í rí àyè wọlé, ó sì lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú fíríìjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Àmọ́ kí ẹ tó ṣí i, kì í pẹ́ tó ti inú ìgò, torí atẹ́gùn máa ń rọra gba ara ọ̀rá kọjá, ooru sì ń mú kó yá. Déètì wà lára páálí náà, níbi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sí lábẹ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbowó.